Sofia, Aya Tolstoy: Ọdún Méjìdínláàádọ́ta Nílé Òǹkọ̀wé

Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ayé àtijọ́, àwọn òbí kì í fẹ́ kí a wá tọrọ àbúrò nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì jókòó sílé. Àṣà yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n mọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ìtìjú ni fún ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ ni fún ìyá, ìrònú sì ni fún bàbá. Nítorí náà, nígbà tí Leo Tolstoy bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tí ó ń jáde nílé Oníṣègùn Andrey Behrs ní ìlú Moscow, gbogbo ilé gbà pé Liza ni ó ń tìtorí rẹ̀ wá. Liza ni àkọ́bí obìnrin, ó mọ̀wé, ó gbọ́n, ó sì ti ń fọkàn sí i. Àfi bí ó ti di ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1862, tí ọkùnrin náà yọ lẹ́tà kan tí ó ti ń gbé kiri nínú àpò, tí ó sì fi lé ọmọ kejì lọ́wọ́. Sofia ni orúkọ ọmọ náà, ẹni ọdún 18.

Inú bí Oníṣègùn Behrs. Ara rẹ̀ kò yá ní àkókò náà, ojú tì í fún àkọ́bí rẹ̀, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí. Nígbẹ̀yìn ó gbà, nítorí pé ẹni tí ó wá tọrọ ọmọ kì í ṣe ẹni tí a ń lé padà lẹ́nu ọ̀nà: ọmọ ìdílé ọlọ́lá ni, ó ní ilẹ̀ oko púpọ̀, ìwé rẹ̀ sì ti ń gbilẹ̀ jákèjádò Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà dá sí ilé Behrs kò tètè jinná.

Ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, ọdún 1844 ni a bí Sofia Andreyevna Behrs. (Kàlẹ́ńdà Rọ́ṣíà ìgbà náà ni àwọn ọjọ́ inú ìtàn yìí tẹ̀lé títí di ọdún 1910, ó fi ọjọ́ méjìlá gbẹ́yìn tiwa ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ó sì di ọjọ́ mẹ́tàlá lẹ́yìn náà.) Oníṣègùn ààfin ni bàbá rẹ̀, ará Jámánì ni àwọn baba ńlá rẹ̀, inú Kremlin, ààfin olódi tí ó wà láàárín Moscow, ni wọ́n sì ń gbé. Ìyá rẹ̀, Lyubov, jẹ́ ọ̀rẹ́ ìgbà èwe Tolstoy. Ọdún méjì péré ni ó fi jù ú lọ. Ẹni tí ó bá ìyá ṣeré ọmọdé ni ó wá padà di ọkọ ọmọ.

Ọmọ tí ó tẹ́ bàbá àti ìyá lọ́rùn ni Sofia. Ilé ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì yege nínú ìdánwò Yunifásítì Moscow ní ọdún 1861, èyí tí ó fún un ní àṣẹ láti jẹ́ olùkọ́ inú ilé. Ó ń tẹ dùrù, ó ń ya àwòrán, ó sì ń kọ̀wé. Kí Tolstoy tó fẹ́ ẹ, ó ti kọ ìtàn kan tí ó pè ní Natasha, ó sì fi ọkùnrin kan tí kò lẹ́wà, tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan, sínú rẹ̀. Ó fún Tolstoy kà. Kò ṣòro fún un láti dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀. Kí ìgbéyàwó tó dé, Sofia dáná sun ìtàn náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá àmì ohun tí ń bọ̀ níwájú, ibẹ̀ ni ó ti lè bẹ̀rẹ̀.

Tolstoy ní tirẹ̀ ti di ẹni ọdún 34. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ti jagun ní Sevastopol, ó ti fi owó púpọ̀ ta tẹ́tẹ́, ó sì ti rin ìrìn-àjò lọ sí Faransé, Jámánì àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń fẹ́ aya, ó ń bẹ̀rù aya. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1862, ìyá Sofia kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lọ kí bàbá rẹ̀ ní abúlé Ivitsy, wọ́n sì yà ní Yasnaya Polyana, ilẹ̀ oko Tolstoy. Ọkùnrin náà gẹṣin tẹ̀lé wọn dé Ivitsy. Ibẹ̀ ni ó ti mú ṣọ́ọ̀kì ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí ó ń kọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì tí wọ́n ti ń ta káàdì, tí Sofia sì ń méfò ohun tí lẹ́tà wọ̀nyẹn dúró fún. Àwọn tí ó bá ti ka Anna Karenina yóò rántí pé ohun tí Levin àti Kitty ṣe nìyẹn. Orí tábìlì Ivitsy ni òǹkọ̀wé náà ti mú un.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni Tolstoy fi sílẹ̀ láàárín ìtọrọ àti ìgbéyàwó. Ìyá ìyàwó ní ẹrù ọmọ kò tí ì pé, aṣọ kò tí ì rán tán. Ọkọ ìyàwó kò gbà. Ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan nínú Kremlin. Ìyàwó ti wọṣọ tán, ó ń dúró, ọkọ kò yọjú. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ti di gbogbo ẹrù ọkọ ìyàwó fún ìrìn-àjò, kò sì sí ẹ̀wù funfun mímọ́ kan tí yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó rí i. Èyí náà wọ inú Anna Karenina. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yìí tí ọkọ rẹ̀ kò lè sọ di ìwé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni ó wúwo jù. Tolstoy kò fẹ́ kí àṣírí kankan wà láàárín òun àti aya. Ó kó ìwé ìrántí rẹ̀ ojoojúmọ́ fún ọmọbìnrin náà pé kí ó kà á. Gbogbo ìṣekúṣe ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀ láìbò: ilé aṣẹ́wó, tẹ́tẹ́, àìsàn, àti obìnrin àgbẹ̀ kan ní abúlé rẹ̀, Aksinya Bazykina, tí ó ti bí ọmọkùnrin kan fún un. Ọmọ ọdún 18 tí kò mọ ọkùnrin rí ka gbogbo rẹ̀ lóru, ó sì sunkún. Ó dáríjì í lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò gbàgbé láéláé. Kí ọdún yẹn tó parí, ó rí Aksinya fúnra rẹ̀ tí ó wá fọ ilẹ̀ ilé. Ní ilé olórogún, ìyàwó tuntun mọ ẹni tí ó bá nílé, ó mọ ipò rẹ̀, àṣà sì ti sọ bí wọn yóò ṣe máa kí ara wọn. Sofia kò ní àṣà kankan tí yóò dì mú. Ìwé ni ó fi mọ̀, ojú rẹ̀ sì rí i lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ dàṣà pé kí wọ́n máa ka ìwé ìrántí ara wọn, àṣà tí ó padà di ẹ̀gún fún ìdílé náà.

Yasnaya Polyana wà ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí gúúsù Moscow, kò jìnnà sí ìlú Tula. Ọmọ ààfin di ìyálé oko. Ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àká, ó ń wo àwọn àgbẹ̀ tí ara wọn kò yá, ó ń rán ẹ̀wù ọkọ, ó sì ń bímọ. Sergei ni àkọ́bí, ní oṣù Kẹfà ọdún 1863. Láàárín ọdún náà sí 1888, ọmọ mẹ́tàlá ni Sofia bí. Márùn-ún nínú wọn kú ní kékeré. Ní ọdún mẹ́ta, láti 1873 dé 1875, mẹ́ta ni ó sin léraléra: Pyotr, Nikolai, àti Varvara tí kò lo ju wákàtí díẹ̀ láyé. Ọ̀rọ̀ ọmú pàápàá di ìjà. Àwọn obìnrin ọlọ́lá ìgbà náà a máa gba alágbàtọ́ tí yóò fún ọmọ lọ́mú, ṣùgbọ́n Tolstoy kò fẹ́ èyí. Ó ní iṣẹ́ ìyá ni. Nígbà tí ọmú Sofia wú tí ó sì gbọgbẹ́ lẹ́yìn ìbí Sergei, tí oníṣègùn ní kí ó dáwọ́ dúró, ọkọ bínú sí i bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Tolstoy tọ̀nà nípa pé ọmú ìyá dára. Kò tọ̀nà nípa bí ó ti ṣe bá aya tí ń jẹ̀rora lò.

Síbẹ̀, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni Sofia padà ń rántí bí ìgbà ayọ̀. Ìgbà náà ni Tolstoy kọ Ogun àti Àlàáfíà, láti 1863 dé 1869, ó sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú Anna Karenina, tí ó parí ní 1877. Ìwé àfọwọ́kọ Tolstoy ṣòro kà ju bí a ti lè sọ lọ. Ó a máa kọ sáàárín ìlà, sí etí ìwé, ní ìdàkejì, ó a sì tún fa ìlà tí yóò tọ́ka sí ẹ̀yìn ojú ìwé, níbi tí ìyókù wà. Òun fúnra rẹ̀ kì í lè kà á nígbà mìíràn, aya rẹ̀ ni í kà á fún un. Bí àwọn ọmọ bá ti sùn lálẹ́, Sofia a jókòó sídìí tábìlì kékeré, a tan àbẹ́là, a sì da gbogbo rẹ̀ kọ ní mímọ́ tónítóní. Ní òwúrọ̀ yóò gbé e sórí tábìlì ọkọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọkọ yóò dá a padà pẹ̀lú ìfàlà àti àtúnṣe tí ó fi dàbí oko tí adìyẹ tú, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ilya, ọmọ wọn, ṣàlàyé lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá òun da apá tí ó pọ̀ jù nínú Ogun àti Àlàáfíà kọ. Ó ṣe èyí pẹ̀lú oyún nínú àti ọmọ lẹ́yìn. Láàárín ìgbà tí a fi kọ ìwé náà, ọmọ mẹ́rin ni ó bí. Kò sì dàbí akọ̀wé lásán. Ó a máa bi ọkọ léèrè, a máa sọ ibi tí kò bá a lára mu. Àbúrò rẹ̀, Tanya, tí ó sábà máa ń wá gbé lọ́dọ̀ wọn, ni Tolstoy fi ṣe Natasha inú ìwé náà, ó sì dà á pọ̀ mọ́ díẹ̀ nínú ìwà Sofia fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn Anna Karenina, ọkàn Tolstoy yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí ènìyàn wá ṣe láyé, kò sì rí ìdáhùn lọ́dọ̀ ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì. Ó pa tábà tì, ó pa ẹran jíjẹ tì, ó ń wọ aṣọ àgbẹ̀, ó ń rán bàtà, ó sì ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn ní ilẹ̀ kí ẹlòmíràn má ní. Àwọn ọmọlẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tọ̀ ọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi ohun ìní sílẹ̀ tí ó ní ọmọ mẹ́jọ nílé, ta ni yóò máa bọ́ wọn? Ọ̀rọ̀ tí Sofia ń bi í nìyí láti ọdún dé ọdún. Wọ́n kó wá sí Moscow ní 1881 nítorí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì ra ilé kan ní àdúgbò Khamovniki ní 1882. Ní ọdún 1883, Tolstoy fún aya rẹ̀ ní ìwé àṣẹ láti máa ṣàkóso gbogbo ohun ìní. Báyìí ni ó bọ́ ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ara rẹ̀, tí ó gbé e ru aya, tí ó sì wá ń dá a lẹ́bi pé ó fẹ́ràn owó. Ní alẹ́ ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, ọdún 1884, wọ́n jà, Tolstoy gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ, ó ní òun kò padà mọ́. Ó dé ìdajì ọ̀nà Tula kí ó tó rántí pé aya òun wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó padà. Alexandra ni ọmọ tí a bí ní ọjọ́ kejì.

Kí owó baà lè wọlé, Sofia di òǹtẹ̀wé. Ní ọdún 1885, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Petersburg láti lọ bá Anna Dostoevskaya, opó òǹkọ̀wé Dostoevsky, ẹni tí ó ti ń tẹ ìwé ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó sì ti fi san gbèsè ìdílé. Opó náà ṣàlàyé ohun gbogbo fún un: iye bébà, bí a ti í bá ilé ìtẹ̀wé dúnàádúrà, bí a ti í polówó, iye tí a ń dín fún olùtà. Aya òǹkọ̀wé méjì tí ó tóbi jù ní Rọ́ṣíà jókòó, wọ́n ń ṣírò owó, ọjà wọn sì tà. Sofia ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sínú ilé kékeré tí ó wà nínú ọgbà wọn ní Khamovniki. Òun ni ó ń ka àtẹ̀gbà fún àṣìṣe, òun ni ó ń bá àwọn aláyẹ̀wò ìwé ìjọba jiyàn.

Ìjiyàn tí ó le jù ni ti Kreutzer Sonata. Tolstoy parí ìtàn yìí ní 1889. Ìtàn ọkùnrin tí ó fi owú pa aya rẹ̀ ni, ó sì bú ìfẹ́ lọ́kọ-láya bí ohun ẹlẹ́gbin. Ìjọba fòfin dè é, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń dà á kọ lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń wo Sofia lójú bí ẹni pé ìtàn ilé rẹ̀ ni. Ó dùn ún dé egungun. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 1891, òun kan náà ni ó lọ bá Ọba Alexander Kẹta sọ̀rọ̀ lójúkojú, tí ó sì gba àṣẹ pé kí ìwé náà jáde nínú ìdìpọ̀ kẹtàlá àwọn iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ayé rí i pé bí òun bá jẹ́ ẹni tí ìwé náà ń bá wí, òun kò ní jà fún un. Lẹ́yìn náà ni ó padà lọ sí yàrá rẹ̀, ó kọ ìtàn tirẹ̀ láti fi dá ìwé náà lóhùn, ìtàn ọmọbìnrin tí ó wọlé ọkọ pẹ̀lú ọkàn mímọ́ tí ọkọ kò sì rí nǹkan mìíràn lára rẹ̀ ju ara lọ. Ta Ni Ó Jẹ̀bi? ni àkọlé rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ní ọdún 1891 kan náà, Tolstoy kéde nínú ìwé ìròyìn pé ẹnikẹ́ni lè tẹ ìwé tí òun kọ láti 1881 láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ oko fún aya àti ọmọ bí ẹni pé bàbá ti kú. Yasnaya Polyana bọ́ sí ọwọ́ Sofia àti Ivan, ọmọ tí ó kéré jù. Ní àkókò yìí náà ni ìyàn mú ní àwọn ẹkùn gúúsù Moscow. Tolstoy àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lọ ń se oúnjẹ fún àwọn tí ebi ń pa. Sofia dúró sí Moscow, ó kọ ẹ̀bẹ̀ kan sínú ìwé ìròyìn Russkie Vedomosti ní oṣù Kọkànlá, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti tó nǹkan bí 13,000 rúbù. Òun ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí ó ń ra ọkà, tí ó sì ń fi ránṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ń pè é ní ahun kì í rántí èyí.

Ivan, tí wọ́n ń pè ní Vanichka, ni ọmọ tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ ogbó. Ọmọ ọlọ́gbọ́n ni, oníwà tútù, bàbá sì ti ń retí pé òun ni yóò gba iṣẹ́ òun. Ibà tí í sọ ara di pupa ni ó pa á ní oṣù Kejì ọdún 1895, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún méje. Láti ọjọ́ náà, Sofia kò padà sí bí ó ti wà mọ́. Orin ni ó fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Sergei Taneyev, olórin dùrù olókìkí, wá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Yasnaya Polyana ní 1895 àti 1896, Sofia a sì jókòó tì í, a máa gbọ́. Ọkọ rẹ̀ jowú bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Kò sí ẹ̀rí pé ohun kankan ju orin lọ wà níbẹ̀. Kámẹ́rà náà jẹ́ ìtùnú fún un. Púpọ̀ nínú àwòrán Tolstoy tí ó wà káàkiri ayé lónìí, ọwọ́ aya rẹ̀ ni ó yà á.

Nígbà tí ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì yọ Tolstoy kúrò nínú ẹgbẹ́ ní 1901, Sofia, tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sì gba ẹ̀kọ́ ọkọ rẹ̀ gbọ́, ni ó kọ lẹ́tà gbígbóná sí àwọn olórí ìjọ láti fi gbèjà rẹ̀. Ní ìgbà òtútù ọdún náà sí 1902, ó tọ́jú rẹ̀ ní Gaspra ní Crimea, nígbà tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ń kú lọ. Ní 1906, iṣẹ́ abẹ kan òun náà, nítorí kókó inú ilé ọmọ. Inú ilé wọn ní Yasnaya Polyana ni wọ́n ti ṣe é. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni ọmọ wọn obìnrin, Maria, kú.

Vladimir Chertkov ni ẹni tí ó wọ àárín wọn. Ọmọ ọlọ́lá ni, ọmọ ogun tẹ́lẹ̀ rí, ó sì di ọmọlẹ́yìn Tolstoy láti 1883. Ó gbà pé ìwé Tolstoy jẹ́ ti gbogbo ayé. Sofia gbà pé ti ìdílé ni. Ìwé ìrántí Tolstoy tuntun wà lọ́wọ́ Chertkov, ìyẹn sì ń jẹ Sofia lọ́kàn, nítorí pé ó mọ̀ pé ohun tí ọkọ òun bá kọ nípa òun nígbà ìbínú ni ayé yóò fi ṣèdájọ́ òun. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1910, ó ń sunkún, ó ń tú àpótí, ó ń halẹ̀ pé òun yóò gbẹ̀mí ara òun. Ara rẹ̀ kò dá mọ́, kò sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti bá a gbé. Ohun tí ó ń fura sí ṣẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ní ọjọ́ 22, oṣù Keje, Tolstoy gun ẹṣin wọ inú igbó, ó jókòó lórí kùkùté igi, ó sì fọwọ́ sí ìwé ìhágún tí ó fi gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún Alexandra, ọmọ rẹ̀, kí àwọn ìwé náà lè di ti gbogbo ènìyàn lábẹ́ àbójútó Chertkov. Aya tí ó ti da ìwé wọ̀nyẹn kọ lóru kò mọ̀. Òǹkọ̀wé tí ó fi ìwé ìrántí hàn ní 1862 nítorí kò fẹ́ àṣírí, inú igbó ni ó wá há ogún rẹ̀ sí.

Ní òru ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, Tolstoy gbọ́ ìró aya rẹ̀ nínú yàrá ìkọ̀wé, ó ń tú ìwé. Ó dìde, ó jí oníṣègùn rẹ̀, wọ́n sì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni ọdún 82 ni. Nígbà tí Sofia jí tí ó gbọ́, ó sáré lọ kó sínú omi adágún tí ó wà nínú ọgbà. Alexandra àti akọ̀wé Tolstoy ni ó fà á jáde. Àìsàn òtútù àyà dá ọkùnrin náà dúró ní Astapovo, ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan, ọ̀gá ibùdókọ̀ sì fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Sofia háyà ọkọ̀ ojú irin láti Tula, ó dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ó wọlé. Chertkov wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, Alexandra wà níbẹ̀, àwọn oníṣègùn wà níbẹ̀. Aya ọdún 48 ń gbé inú ọkọ̀ ojú irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń gbìyànjú láti yọjú lójú fèrèsé. Àwọn ayàwòrán sinimá tí wọ́n ti péjọ ya àwòrán rẹ̀ níbi tí ó ti ń gbìyànjú. Ìgbà tí Tolstoy kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́ ni wọ́n tó sọ pé kí ó wọlé, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ 7, oṣù Kọkànlá, ọdún 1910 ni ó kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n fún Sofia ní lẹ́tà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kọ ní 1897, nígbà tí ó ti kọ́kọ́ pinnu láti lọ, tí ó sì fi pamọ́. Ọba fún un ní owó ìfẹ̀yìntì. Owó tí ó wọlé láti inú ìwé tí Tolstoy fi sílẹ̀ ni Alexandra fi ra púpọ̀ nínú ilẹ̀ oko Yasnaya Polyana lọ́wọ́ ìdílé, tí ó sì pín in fún àwọn àgbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti fẹ́. Sofia dúró nínú ilé náà. Ó ń to ìwé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń mú àlejò yípo yàrá, ó sì ń gbé òdòdó lọ sí ibojì tí ó wà nínú igbó. Ogun dé, ọba bọ́ lórí oyè ní 1917, ebi dé. Òun àti Alexandra parí ìjà wọn. Nígbà òtútù ọdún 1919, ó ń fọ fèrèsé ilé, òtútù mú un, ó sì di àrùn òtútù àyà. Ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá, ọdún 1919, ní kàlẹ́ńdà tuntun, ni ó kú, ní ẹni ọdún 75.

Wọn kò sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì Kochaki, níbi tí àwọn èèyàn ìdílé Tolstoy wà, ni ó sùn sí, nítòsí Maria. Ìwé ìrántí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1928. Ta Ni Ó Jẹ̀bi? wà nínú àkójọ ìwé àfọwọ́kọ títí di ọdún 1994, nígbà tí ó tó ọdún 75 tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti kú, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé ńlá tí ó kọ nípa ara rẹ̀, tí ó pè ní Ìgbésí Ayé Mi, dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2011 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lódindi ní Rọ́ṣíà.